Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Àyẹ̀wò Ìpàdé Chicago ti Ọdún 1959 lórí Ìràwọ̀, Ohun Abẹ̀mí àti Ọmọ Ènìyàn

Àṣamọ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1959, àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ohun abẹ̀mí, egungun àtijọ́, ọpọlọ àti àṣà péjọ sí Yunifásítì Chicago láti ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún ìwé Charles Darwin. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àyẹ̀wò ìpàdé náà àti ìwé mẹ́ta tí ó ti inú rẹ̀ jáde ní 1960. Ohun tí ó fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ìpàdé náà lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹfolúṣọ̀n, fún iṣẹ́ mẹ́ta tí kò jọra, àti pé èyí ni ó mú kí ìtàn ẹ̀dá dàbí àkàbà tí ènìyàn òde òní jókòó sí òkè rẹ̀. Agbárí tí a hú ní Ihò Eléérú ní 1965 ni a fi dán èrò náà wò. Àbájáde rẹ̀ kan àwọn tí ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, nítorí pé "ìdàgbàsókè", ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu, gbé àkàbà kan náà pamọ́ sínú.

Ìfáárà

Ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 1859 ni ìwé Darwin lórí orísun àwọn ẹ̀yà ohun abẹ̀mí jáde ní London. Ní ọjọ́ tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé, ìpàdé ọlọ́jọ́ márùn-ún bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà. Sol Tax, onímọ̀ nípa àṣà àti ìṣe ẹ̀dá, ni aṣáájú ètò náà. Kò fi ìpè rẹ̀ mọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe ìwádìí ẹranko àti ewéko. Harlow Shapley, onímọ̀ ìràwọ̀, wà lára àwọn olùkópa. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hermann Muller àti Theodosius Dobzhansky tí wọ́n mọ̀ nípa àbùdá àjogúnbá, Louis Leakey tí ń hú egungun ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, àti Julian Steward àti Leslie White tí wọ́n ń ṣe ìwádìí àṣà. Charles Galton Darwin, ọmọ ọmọ Darwin, wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Julian Huxley, tí bàbá rẹ̀ àgbà, Thomas Huxley, gbèjà Darwin nígbà tí ayé dojú ìjà kọ ọ́, wá pẹ̀lú.

Ẹnì kan lè béèrè ohun tí ó kan ìmọ̀ Yorùbá nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ wà nínú ìtàn Huxley fúnra rẹ̀. Ó jẹ́ ọmọ Ìgbìmọ̀ Elliot tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 1943 lórí ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Inú ìgbìmọ̀ kan náà ni Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School, jókòó sí. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1945, a sì dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948. Ìdáhùn kejì ni pé láti Ìbàdàn yìí kan náà ni ẹ̀rí ti wá tí ó mú kí a tún ìtàn tí a sọ ní Chicago yẹ̀ wò. Ìdáhùn kẹta jẹ mọ́ èdè, òun sì ni ó wúwo jù.

Ètò ìpàdé náà àti ìwàásù Huxley

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yin ohun tí ó yẹ fún ìyìn. A ti kó àwọn àpilẹ̀kọ jọ, a sì ti pín wọn fún àwọn olùkópa ṣáájú. Nítorí náà, kì í ṣe ìwé kíkà ni wọ́n fi ọjọ́ wọn ṣe bí kò ṣe ìjíròrò. Àwùjọ ìjíròrò márùn-ún ni ó wà: ti orísun ìyè, ti ìtàn ohun abẹ̀mí, ti ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ohun abẹ̀mí, ti èrò àti ọkàn, àti ti àwùjọ pẹ̀lú àṣà. Ìwé mẹ́ta tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Chicago gbé jáde ní 1960 pa àwọn àpilẹ̀kọ àti ìjíròrò náà mọ́, débi pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè rí ibi tí ẹnu ti kò àti ibi tí kò ti kò. Ó ṣòro láti rí ìpàdé mìíràn ní àkókò náà tí onímọ̀ ìràwọ̀ àti onímọ̀ àṣà ti jókòó sí ìdí iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú irú ìmúrasílẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n ìtò àwọn àwùjọ márùn-ún náà ti jẹ́ èrò kan fúnra rẹ̀. Láti ìràwọ̀ dé ìyè, láti ìyè dé ara ènìyàn, láti ara dé ọkàn, láti ọkàn dé ìlú ńlá: ọ̀nà kan ṣoṣo ni, ó sì ń gòkè. Huxley ni ó sọ èrò yìí síta gbangba. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá, tí í ṣe Ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ó sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Rockefeller tí ó wà nínú ọgbà yunifásítì náà. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé a kò dá ayé, ńṣe ni ó yí padà díẹ̀díẹ̀ di ohun tí ó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ara, ọkàn àti ẹ̀sìn ènìyàn. Ó ní ènìyàn nìkan ni ìyípadà yìí ti mọ ara rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ènìyàn ni ìdarí rẹ̀ wà láti ìgbà náà lọ.

Ariwo tí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà dá lórí Ọlọ́run. Ó ya ọ̀pọ̀ olùgbọ́ lẹ́nu, ó sì bí àwọn onígbàgbọ́ nínú, pé a lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé àdúrà. Bí a bá wò ó dáadáa, ibẹ̀ kọ́ ni àléébù rẹ̀ wà. Ìṣẹ̀dálẹ̀ wà nínú ìtàn Huxley, ẹ̀dá àyànfẹ́ wà nínú rẹ̀, ìlérí sì wà nínú rẹ̀. Ó lé ẹ̀sìn jáde ní ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó fi ìwàásù sílẹ̀ nínú ilé. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi í ni bí ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì tí ó wà níwájú rẹ̀ bá gbé àkàbà náà ró.

Ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ mẹ́ta

Ẹ̀rí náà kò gbé e ró, ìdí rẹ̀ sì hàn bí a bá gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé Chicago ní èdè Yorùbá. Ìbéèrè kan ni Yorùbá máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn ìran: ta ni ó bí ta?

Ìràwọ̀ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1957, ọdún méjì ṣáájú ìpàdé náà, Margaret Burbidge, Geoffrey Burbidge, William Fowler àti Fred Hoyle tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde tí ó fi hàn pé inú ìràwọ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà ti wá. Ìràwọ̀ ń sọ háídrójìn di èròjà tí ó wúwo jù ú lọ, ó ń darúgbó, ó sì ń kú. Irin tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá. Àwárí yìí ga, kò sì sí ẹni tí ó lè gbọ́ ọ kí ó má yà á lẹ́nu. Síbẹ̀, ìràwọ̀ kì í bímọ. Ohun tí ìràwọ̀ tí ó kú tú dànù lè bọ́ sínú ìkúukùu tí òmíràn yóò ti jáde, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tuntun kò jogún ìwà òbí. Ìwọ̀n ohun tí ó kó jọ nígbà tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ni olórí ohun tí ó ń pinnu bí yóò ṣe pẹ́ tó àti bí yóò ṣe kú. Ìgbà ayé ni ìràwọ̀ ní. Kò ní ìran.

Ohun abẹ̀mí ní ìran. Ohun tí Darwin rí ni pé ọmọ kì í jọ òbí tán, pé díẹ̀ nínú ìyàtọ̀ náà ṣeé jogún, àti pé àwọn tí ìyàtọ̀ wọn bá ibi tí wọ́n ń gbé mu ni wọ́n ń bímọ jù. Láti ìrandíran, ìyàtọ̀ kékeré di ńlá. Kò sí ohun kan nínú àlàyé yìí tí ó ní kí ìyípadà máa gòkè. Ògòǹgò, tí Yorùbá ń pè ní ọba ẹyẹ, kò lè fò mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá rẹ̀ fò. Irú aràn gbọọrọ tí ń gbé inú ìfun ènìyàn kò ní ìfun tirẹ̀, nítorí pé oúnjẹ tí ẹlòmíràn ti dà ni ó ń fi awọ ara fà. Àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ìyípadà bí ènìyàn ti jẹ́, kò sì sí èyí tí ó gun àkàbà kankan.

Àṣà tún yàtọ̀ sí méjèèjì. A lè jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe òbí, a lè kọ̀ ọ́, a sì lè kó ti ìlú méjì pọ̀. Àdìrẹ Abẹ́òkúta jẹ́ àpẹẹrẹ. Aṣọ funfun tí a kó wá láti òkè òkun ni àwọn aláró fi ọgbọ́n ìbílẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Àdìrẹ kò bí àdìrẹ. Ẹni kan ni ó kọ́ ẹlòmíràn. Ní 1943, White ti dá a lábàá pé agbára tí àwùjọ bá ń lò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún ni kí a fi wọn bí àṣà rẹ̀ ti ga tó. Òṣùwọ̀n yìí lè ka iye èédú tí ìlú kan jó, ṣùgbọ́n kò lè rí orí idẹ tí a hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí pé ẹni tí ó gba àkàbà gbọ́ rí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ tí kò gbà gbọ́ pé Yorùbá ni ó ṣe é: nígbà tí Leo Frobenius dé Ifẹ̀ ní 1910, ìlú Atlantis inú ìtàn àwọn Gíríìkì ni ó lọ fún ní oríyìn.

Nígbà tí a bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìgbà ayé ìràwọ̀ yóò yá ìran ohun abẹ̀mí ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, àṣà yóò sì yá a ní ète. Ìyàwó ọ̀rọ̀ báyìí ni Huxley fi kọ́ àkàbà rẹ̀.

Agbárí láti Olduvai

Ní oṣù keje ọdún 1959, Mary Leakey rí agbárí kan ní Olduvai ní Tanganyika, tí ó wà nínú Tanzania lónìí. Louis, ọkọ rẹ̀, pè é ní Zinjanthropus, ó sì gbé ìròyìn rẹ̀ lọ sí Chicago. Lójú rẹ̀ nígbà náà, baba ńlá ọmọ ènìyàn ni, òun ni ó sì ṣe àwọn irinṣẹ́ òkúta tí a rí nítòsí rẹ̀. Ohun tí àkàbà ń fẹ́ gan-an nìyẹn: àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ kan tí a lè fi ọwọ́ tọ́ka sí.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yí. Ní 1961, ìwọ̀n tuntun fi hàn pé ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bíi 1,750,000 ọdún, ju ohun tí ẹnikẹ́ni ti lérò lọ. Ní 1964, Leakey fúnra rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ egungun mìíràn láti Olduvai ní Homo habilis, wọ́n sì kà á sí ẹni tí ó ṣe irinṣẹ́. Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ ni Zinjanthropus, tí ìran rẹ̀ ti parẹ́. Ó gbé ayé ní àkókò kan náà pẹ̀lú àwọn tí ó sún mọ́ baba ńlá wa gbogbo. Igi ẹlẹ́ka ni ìtàn náà.

Yorùbá ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ní Chicago, ilẹ̀ Áfíríkà pèsè agbárí, ṣùgbọ́n Leakey, tí àwọn míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì bí sí Kẹ́ńyà, ni ó gbẹnu ilẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Kí a má ṣi òwe yìí lò. Kì í ṣe pé àwọ̀ ara ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn mọ egungun kà. Leakey mọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà ju ọ̀pọ̀ lọ, òun sì ni ó tún èrò ara rẹ̀ ṣe nígbà tí ẹ̀rí dé. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé ẹni tí kò sí níbi ìjíròrò kò lè béèrè ìbéèrè. Àwọn tí àkàbà náà ti fi sí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ní ìdí jù láti béèrè bóyá àkàbà wà rárá.

Ihò Eléérú

Ní 1965, Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú àwọn tí ó hú ilẹ̀ ní ibi ààbò abẹ́ àpáta kan nítòsí Ìsàrun, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní. Wọ́n rí egungun ènìyàn kan níbẹ̀ pẹ̀lú agbárí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé òkèèrè ń pe ibẹ̀ ní "Iwo Eleru", èyí tí Yorùbá tí kò mọ ibẹ̀ lè kà bí ìwo ẹran tàbí ìlú Ìwó. Ihò Eléérú ni orúkọ náà, ihò tí eérú wà nínú rẹ̀. Àṣìkọ yìí kéré, ṣùgbọ́n ó fi hàn bí ẹ̀rí ṣe lè rin ìrìn àjò jìnnà kí orúkọ rẹ̀ sì sọnù lọ́nà.

Ní 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Caleb Folorunso ti Ìbàdàn wà lára wọn, tún agbárí náà yẹ̀ wò. Ọjọ́ orí rẹ̀ bọ́ sí àárín 11,700 sí 16,300 ọdún. Ní àkókò yẹn, àwọn ènìyàn tí ara wọn rí bíi ti òde òní ti tàn káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ìrísí agbárí Ihò Eléérú kò bá tiwọn dọ́gba pátápátá; ó gùn, ó sì rẹlẹ̀, débi pé ó sún mọ́ ti àwọn tí ó ti gbé ayé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú rẹ̀.

Onígbàgbọ́ àkàbà yóò ní ẹni yìí "pẹ́ lẹ́yìn". Gbólóhùn yẹn kò ní ìtumọ̀, nítorí pé kò sí ibi tí gbogbo ènìyàn ń sáré lọ. Ohun tí agbárí náà dá lábàá ni pé ìtàn àwọn ènìyàn ìgbàanì ní Áfíríkà ní ẹ̀ka púpọ̀, pé àwọn ẹ̀ka kan wà lọ́tọ̀ fún ìgbà pípẹ́, àti pé àwọn mìíràn lè ti pàdé tí wọ́n sì bí ọmọ pọ̀. Agbárí kan kò tó láti fi yan èyí tí ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti ba ìtàn ọ̀nà kan ṣoṣo jẹ́. Yunifásítì tí ìgbìmọ̀ Huxley dámọ̀ràn ni ó hú ẹ̀rí tí kò gba èrò Huxley láàyè.

Ẹni òòṣà àti ìdarí ìran

Ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju àríyànjiyàn ọ̀mọ̀wé lọ. Bí àkàbà bá wà, ẹnì kan yóò fẹ́ mọ ẹni tí ó yẹ kí ó gùn ún. Àpilẹ̀kọ Muller fún ìpàdé náà dá lórí bí ènìyàn ṣe lè darí ìran ara rẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn tọkọtaya lè fi tìfẹ́tìfẹ́ lo àtọ̀ tí a tọ́jú láti ara àwọn ọkùnrin tí a kà sí ẹni ńlá. Ọdún 1959 kan náà ni Huxley di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tí ń polongo yíyan irú ọmọ tí ó yẹ kí a bí. Àwọn méjèèjì kórìíra ìwà ìkà Hitler, wọ́n sì sọ ọ́. Síbẹ̀, wọn kò rí ìdáhùn sí ìbéèrè tí ó rọrùn jù: ta ni yóò yàn, kí ni yóò sì fi wọn ẹni ńlá?

Yorùbá ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ojú ọ̀nà mìíràn. Ọbàtálá ni ó ń mọ ara ènìyàn. Àfín, abuké àti arọ jẹ́ ẹni òòṣà, èèwọ̀ sì ni láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ amọ̀kòkò kan náà ni gbogbo ènìyàn. Kò yẹ kí a sọ èyí di ìtàn àwùjọ tí kò lẹ́bi. Yorùbá mọ ohun tí à ń pè ní àbùkù, ìyà sì ti jẹ àwọn ẹni òòṣà kan láàárín àwùjọ tí ń bọ Ọbàtálá. Ṣùgbọ́n ìlànà náà wà, ó sì le: ìyàtọ̀ ara kì í ṣe ipò lórí àkàbà. Ohun tí Darwin rí bá ìlànà yìí lọ ju bí ó ti bá Muller lọ, nítorí pé ìran tí kò bá ní ìyàtọ̀ nínú kò ní ohun tí yóò fi kojú ìyípadà ayé.

Ìkìlọ̀ méjì fún ìmọ̀ Yorùbá

Èyí kò wá sọ pé Ifá ti mọ ẹfolúṣọ̀n kí Darwin tó dé. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n ó ń pa ìtàn náà lára. Ìtàn adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ẹ́ márùn-ún tí ó tan iyẹ̀pẹ̀ sórí omi ń ṣe iṣẹ́ kan: ó ń sọ ìdí tí Ifẹ̀ fi jẹ́ orírun, ó sì ń sọ ohun tí ó wà láàárín Ọbàtálá àti Odùduwà. Bí a bá sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ nípa bí àpáta ṣe wáyé, yóò di sáyẹ́ǹsì tí kò péye, a ó sì pàdánù ìtàn tí ó péye. Ìkìlọ̀ kejì ni ti àwọn tí ń pe ìtàn kan náà ní àlọ́ ọmọdé tí sáyẹ́ǹsì ti lé lọ. Àkàbà náà ni àwọn wọ̀nyí gbé wá sí ìdí ìtàn.

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú ni iṣẹ́ ọ̀rọ̀. "Ìdàgbàsókè" kò yẹ fún ohun tí Darwin rí. *Dàgbà sí òkè* ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ó bá sì lò ó ti gbé ògòǹgò àti aràn jù sílẹ̀ kí ó tó parí gbólóhùn. "Ìyípadà àtìrandíran" sàn jù fún ohun abẹ̀mí, nítorí pé ìran wà nínú rẹ̀, òkè kò sì sí níbẹ̀. "Ìgbà ayé ìràwọ̀" tó fún ìràwọ̀. "Ìyípadà àṣà" tó fún àṣà. "Ẹfolúṣọ̀n" lè wà fún ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àríyànjiyàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ọ̀rọ̀ tí ó dára ju ìwọ̀nyí lọ, kí ó gbé e wá, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe tún da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìpàdé Chicago ti 1959 kó ọ̀pọ̀ ìmọ̀ sínú ilé kan, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí ó yẹ kí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá fara wé: onímọ̀ egungun, onímọ̀ ìràwọ̀ àti onímọ̀ Ifá kì í sábà jókòó pọ̀. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó rò pé ilé kan gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà kan. Agbárí Olduvai tú ìtàn náà láàárín ọdún márùn-ún. Ti Ihò Eléérú tún tú u sí i. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Iṣẹ́ àwọn tí ń kọ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá ni láti rí i pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn kò di àwọn ọ̀nà yòókù pa.